Mo ti kó lọ sí Houston: ṣé ẹjọ́ mi lè kúrò ní San Francisco?

Ìbéèrè tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ nìyí, a gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Oakland ni mo ń gbé nígbà tí adájọ́ ìmígíréṣọ̀n ní San Francisco ní òun ò lè fún mi ní asylum, ààbò tí wọ́n ń fún ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀. A pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí BIA, ìgbìmọ̀ tó ń tún ìdájọ́ àwọn adájọ́ ìmígíréṣọ̀n yẹ̀ wò, àwọn náà dá a nù. Ó di ọjọ́ 11 lónìí. Mo ti kó lọ sí Houston báyìí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́yà mi ní Ninth Circuit, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀, ló kàn, ní San Francisco. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e wá sí Texas, pé ibi tí èèyàn ń gbé ni òfin ń wò. Àbúrò mi tó ṣì wà ní Oakland lọ wo kóòtù náà ní Seventh Street. Ó ní bí ààfin ló rí, mábù ló kún inú rẹ̀, àmọ́ ẹnì kan sọ fún un pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, pé ìmìtìtì ilẹ̀ tiẹ̀ ti bà á jẹ́ rí. Ṣé kóòtù ni lóòótọ́? Ṣé kí n kó àwọn ẹlẹ́rìí mi lọ síbẹ̀? Ẹlòmíì tún ní kí n kọ́kọ́ bẹ BIA kí wọ́n tún ẹjọ́ náà ṣí, pé ìyẹn á dá ọjọ́ dúró. Èwo ni kí n ṣe?”

Èyí tí ẹ fi sí ìparí ló léwu jù, òun ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Bíbẹ BIA pé kí wọ́n tún ẹjọ́ ṣí kì í dá ọjọ́ kankan dúró. Òfin Amẹ́ríkà fún ẹni tí BIA dá ẹjọ́ rẹ̀ nù ní ọjọ́ 30 péré láti gbé ìwé ìbéèrè àtúnyẹ̀wò, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní petition for review, lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Déètì tó wà lórí ìwé ìpinnu BIA ni wọ́n ti ń kà á. Wọn kì í wo ọjọ́ tí ìwé náà dé ọwọ́ yín tàbí ọjọ́ tí lọ́yà ráyè pè yín. Bí 11 bá ti lọ, 19 ló kù, ẹ sì rí i dájú pé orí ìwé ni ẹ ti ka 11 yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí àpòòwé. Ìwé náà gbọ́dọ̀ ti wọlé sọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù kí ọjọ́ tó pé; òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lára àpòòwé kò ní gbà yín. Bí ọjọ́ ìkẹyìn bá bọ́ sí Sátidé, Sọ́ńdè tàbí ọlidé ìjọba, ó di ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹ má fi iṣẹ́ yìí falẹ̀ débẹ̀. Kóòtù fúnra rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọjọ́ kún un. Láti ọdún 1995 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba nínú ẹjọ́ Stone pé ẹni tó bá lọ ń bẹ BIA kó tún ẹjọ́ yẹ̀ wò, tí kò sì wọlé sí kóòtù láàárín àkókò, ti pẹ́ jù nìyẹn. Lọ́dún 2025, nínú ẹjọ́ Riley, wọ́n ní gbèdéke náà kì í ṣe ohun tó ń gba agbára ìgbẹ́jọ́ kúrò lọ́wọ́ kóòtù, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe pé bí ìjọba kò bá ráhùn, kóòtù lè gbọ́ ẹjọ́ tó pẹ́. Ẹ má fi ìyẹn ṣe ìrọ̀rí sùn, nítorí àwọn lọ́yà ìjọba kì í sábà gbàgbé láti ráhùn.

Ọ̀rọ̀ Texas wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n yín kò ṣàdédé sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló wà tó jẹ́ pé ibùgbé èèyàn ló ń pinnu kóòtù tí yóò gbọ́ ọ. Ti ìmígíréṣọ̀n ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pín ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ sí 13. Ẹkùn 11 ní nọ́ńbà, ọ̀kan jẹ́ ti Washington D.C., èyí tó kù, Federal Circuit, ń gbọ́ irú ẹjọ́ kan bíi ti páténtì láti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ninth Circuit ló tóbi jù lọ: Alaska, Arizona, California, Hawaii, Idaho, Montana, Nevada, Oregon àti ìpínlẹ̀ Washington ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Guam àti erékùṣù Northern Mariana ní àárín òkun Pacific lọ́hùn-ún. Ipò adájọ́ 29 ni òfin là sílẹ̀ fún un. Texas, Louisiana àti Mississippi wà lábẹ́ Fifth Circuit, New Orleans sì ni olú kóòtù wọn. Àwọn aṣòfin ló pa ààlà wọ̀nyí, wọ́n sì máa ń tún un pa: ọdún 1981 ni wọ́n gé Alabama, Florida àti Georgia kúrò lára Fifth Circuit tí wọ́n fi dá Eleventh Circuit sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń pariwo pé kí wọ́n pín Ninth Circuit náà, pé ó ti tóbi jù. Kò tíì ṣeé ṣe.

Fún ẹjọ́ tiyín, ohun tí òfin sọ kò gùn: ẹkùn tí adájọ́ ìmígíréṣọ̀n ti parí ìgbẹ́jọ́ ni ìwé àtúnyẹ̀wò ń lọ. Kò bèèrè ibi tí ẹ ń sùn lónìí. San Francisco ni adájọ́ yín ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, nítorí náà Ninth Circuit ni. Bí ẹ bá kó lọ sí Chicago lọ́la, òun náà ni. Ká ní ibùgbé ni wọ́n ń wò ni, ẹni tó bá ti pàdánù ẹjọ́ níbì kan á kàn di ẹrù rẹ̀, á lọ wá kóòtù tó wù ú. Ibi tó ti máa ń lọ́jú pọ̀ díẹ̀ ni ti àwọn tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn lórí fídíò, tí adájọ́ jókòó ní ìpínlẹ̀ kan, tí ẹni tó ni ẹjọ́ jókòó ní òmíràn. Ohùn àwọn kóòtù kò ṣọ̀kan lórí ibi tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti “parí”. Tiyín kò sí níbẹ̀, nítorí ẹ sọ pé San Francisco ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ká wá ní ẹ ṣì í, ẹ gbé e lọ sí New Orleans. Ẹjọ́ náà lè má kú, torí Ninth Circuit sọ nínú ẹjọ́ Bibiano lọ́dún 2016 pé ìlànà yìí ń tọ́ka ibi tí ó yẹ kí ẹjọ́ lọ ni, kò gba agbára ìgbẹ́jọ́ kúrò lọ́wọ́ kóòtù mìíràn tí ẹjọ́ náà bá ṣèèṣì bọ́ sí. Àmọ́ ìjọba á ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, àkókò á máa lọ, ìwé tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tíì lé yín á sì wà nílẹ̀ ní kóòtù tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin gan-an kò sì ní fẹ́ Texas bí ẹ bá mọ bó ṣe rí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá Ninth Circuit ni adájọ́ yín àti BIA fi ń wọn ẹjọ́ yín, òun náà sì ni lọ́yà yín fi kọ gbogbo àlàyé rẹ̀. Lẹ́nu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, Fifth Circuit le ju Ninth lọ fún ẹni tó ń tọrọ asylum, èmi náà ò sì jiyàn. Síbẹ̀, ẹ má rò pé San Francisco ti di ilé bàbá yín. Adájọ́ mẹ́ta péré ni yóò gbọ́ ẹjọ́, kọ̀ǹpútà ló ń dà wọ́n pọ̀, àwọn adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀ tàbí àlejò láti kóòtù mìíràn sì lè wà nínú wọn. Ẹjọ́ méjì tó jọra lè bọ́ sọ́wọ́ mẹ́ta-mẹ́ta tí ojú ìwòye wọn jìnnà síra wọn.

Ohun tí mo rí pé ó dàrú jù nínú ìwé yín ni irú kóòtù tí èyí jẹ́. Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ yín lákọ̀ọ́kọ́, òṣìṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Amẹ́ríkà ni. BIA náà, abẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà. Nígbà tí ẹ bá dé Ninth Circuit ni ẹ tó bọ́ síwájú adájọ́ tí ààrẹ yàn, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí, tí wọn ò sì lè yọ níṣẹ́ nítorí pé ìdájọ́ rẹ̀ kò dùn mọ́ ìjọba nínú. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kéré sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Kì í gbọ́ ẹlẹ́rìí. Kì í gba fọ́tò tuntun, ìwé dókítà tuntun tàbí lẹ́tà pásítọ̀. Àkọsílẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ adájọ́ àkọ́kọ́ àti BIA wá nìkan ni wọ́n ń kà, ohun tí kò bá sí nínú fáìlì yẹn kò sí láyé lójú tiwọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí yín jókòó sílé wọn. Ìbéèrè tí àwọn adájọ́ mẹ́ta yẹn ń bi ara wọn kì í ṣe “Ṣé òótọ́ ni ọkùnrin yìí ń sọ?” Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹni tó gbọ́ ọ ṣi òfin lò, tàbí bóyá ohun tó wà nínú fáìlì pọ̀ débi pé kò sí onílàákàyè kan tí ì bá gbé ìpinnu bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Lórí òfin, wọ́n lómìnira láti fi ojú ara wọn wò ó látìbẹ̀rẹ̀. Lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ àti tí kò ṣẹlẹ̀, ọwọ́ adájọ́ àkọ́kọ́ ló wà lókè. Bí ó bá jẹ́ pé ó kọ̀ nítorí pé ó ní ọ̀rọ̀ yín ń tako ara wọn, ẹ ní iṣẹ́ ńlá níwájú: lọ́yà yín gbọ́dọ̀ fi ojú ìwé àkọsílẹ̀ hàn, ìlà sí ìlà, pé àwọn ibi tó tọ́ka sí kò tako ara wọn, tàbí pé ó kọ̀ láti gbọ́ àlàyé yín. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣi òfin kà, fún àpẹẹrẹ lórí ohun tó túmọ̀ sí pé ìjọba ìlú ẹni kò lè dáàbò bo èèyàn, ọ̀nà yín là díẹ̀. Ohun kan tún wà tó máa ń dun àwọn èèyàn: ohun tí ẹ kò bá mẹ́nu kàn níwájú BIA, ìjọba á ní kí Ninth Circuit má gbọ́ ọ, wọ́n sì sábà máa ń borí lórí ìyẹn. Mi ò rí fáìlì yín, mi ò sì lè sọ èyí tí tiyín jẹ́. Ẹ ní kí lọ́yà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe òfin tó rí nínú ìwé BIA, ní gbólóhùn méjì péré. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ wá ojú kejì kí ẹ tó sanwó ìwé àlàyé.

Àbúrò yín àti ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ jàre, àwọn méjèèjì. Ilé tó wà ní nọ́ńbà 95 Seventh Street, ní orígun Mission Street, ilé-ẹjọ́ ni, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n sì kọ́ ọ mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1897, ìṣe ìjọba àpapọ̀ ni láti kó ilé ìfìwéránṣẹ́ àti kóòtù sábẹ́ òrùlé kan ní ìlú ńlá: ará ìlú á máa ra sítáǹpù ní ìsàlẹ̀, adájọ́ á jókòó lókè. James Knox Taylor, ọ̀gá àwọn ayàwòrán-ilé ní ilé-iṣẹ́ ìṣúra Amẹ́ríkà, ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ilé náà. Wọ́n ṣí i ní 1905, ó sì ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là, owó gidi láyé ìgbà náà. Gíránáìtì funfun láti òkè Sierra Nevada ni wọ́n fi bo ara rẹ̀ lóde. Fún inú, wọ́n kó àwọn oníṣọ̀nà wá láti Ítálì, àwọn tó mọ bí wọ́n ti ń gé mábù àti bí wọ́n ti ń to òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà sí àjà àti sí ilẹ̀. Gbọ̀ngàn gígùn tí àbúrò yín rí ní ìsàlẹ̀, ibi tí àwọn èèyàn ti ń tò fún lẹ́tà nìyẹn. Àwọn yàrá ìgbẹ́jọ́ àtijọ́ wà ní àjà kẹta. Ẹni tó bá wọ Courtroom One á rí òpó mábù, mósáíìkì lára ògiri, àti àwọn ọmọdé oníyẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun mọ sókè, gbogbo wọn ń wo lọ́yà tó ń làágùn. Ní tèmi o, ó ti pọ̀ jù fún kóòtù. Ṣùgbọ́n California jìnnà sí Washington nígbà náà, ìjọba àpapọ̀ sì fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé òun ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

Ilé náà kò tíì pé ọdún kan tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1906 fi dé. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí mọ́ àbàtà ni apá kan àdúgbò náà wà, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣe bí omi bí ó bá mì pẹ́: ojú títì tó wà níwájú ilé wú níbì kan, ó rì níbòmíràn. Férémù irin tó wà nínú ògiri ilé náà ló gbà á. Ògiri sán, mábù já bọ́, àmọ́ kò wó. Iná tó tẹ̀ lé ìmìtìtì náà ló burú jù, òun ló jó apá tó pọ̀ nínú ìlú run. Sójà ní kí gbogbo èèyàn jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ mélòó kan kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ń fi àpò lẹ́tà tí wọ́n rì sínú omi na iná bó ṣe ń wọlé láti ojú fèrèsé, ilé náà sì yè é. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti ń gba lẹ́tà padà, láìgba owó sítáǹpù, kódà bí èèyàn bá kọ ọ́ sára ọrùn ẹ̀wù tàbí etí ìwé ìròyìn.

Ní 1918, ìbọn dún nínú yàrá ìgbẹ́jọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ní wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, nígbà ogun àgbáyé kìíní. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn olùjẹ́jọ́, Ram Singh, yìnbọn pa ẹnìkejì rẹ̀ Ram Chandra níwájú gbogbo èèyàn; ọ̀gá ọlọ́pàá kóòtù yìnbọn pa òun náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí pé kóòtù tó ń gbọ́ ẹlẹ́rìí náà ń jókòó níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn, kò tíì jẹ́ ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìkan. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni George Kelham wá fi apá tuntun kan dí ẹ̀yìn ilé náà.

Ìmìtìtì ilẹ̀ tí ẹ gbọ́ pé ó bà á jẹ́ ni ti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1989. Èyí ló lé kóòtù jáde, wọn ò sì padà sínú rẹ̀ títí di 1996. Ìṣòro àwọn tó tún un ṣe ni pé bí wọ́n bá fẹ́ fi irin àti kọnkéré tuntun mú ògiri le, wọ́n ní láti tú mábù àti mósáíìkì náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé ilé náà kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi jáàkì gbé ẹrù òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n gé òpó náà lábẹ́, wọ́n sì ti ohun èlò kan sáàárín, 256 lápapọ̀. Inú rẹ̀ jẹ́ àwo irin tó kòtò, tí irin dídán kan ń yọ̀ lórí rẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn fi ọsàn sínú igbá tó sì mi igbá náà ni: ọsàn á gun ẹ̀gbẹ́ kan, á gun ìkejì, ìwúwo ara rẹ̀ á sì dá a padà sísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń sáré lọ sáré bọ̀, ilé tó wà lókè á máa lọ jẹ́jẹ́. Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi ní láti fi àlàfo yí gbogbo ilé náà ká, kí ó má bàa kọ lu ilẹ̀ tó yí i ká nígbà tó bá ń rìn. Àbúrò yín lè ti gba orí rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Orúkọ James R. Browning, tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ ẹkùn náà láti 1976 sí 1988, ni ilé náà ń jẹ́ báyìí.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí ẹ̀rù tó wà nínú ìbéèrè yín, pé bóyá ilé tó ti bàjẹ́ rí kò ní àṣẹ tó. Àṣẹ kóòtù kò sí lára ògiri. Ní gbogbo ọdún tí ilé náà fi wà ní títì lẹ́yìn 1989, Ninth Circuit ń dájọ́ lọ, ìdájọ́ ìgbà náà sì múlẹ̀ títí dòní. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ nílé nígbà tí iná jó ilé-ẹjọ́ gíga Ìgbòṣeré ní Èkó ní oṣù kẹwàá 2020: fáìlì jóná, ó sì dun gbogbo èèyàn, àmọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó kò pàdánù ẹjọ́ kankan tí òfin fún un láti gbọ́. Ninth Circuit tiẹ̀ ní ju ilé kan lọ. Ó ń jókòó ní Seattle, ní Portland, nínú Pioneer Courthouse tí wọ́n parí ní 1875, àti ní Pasadena, nínú ilé tó jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì olówó kí àwọn ológun tó sọ ọ́ di ọsibítù nígbà ogun àgbáyé kejì. Ẹjọ́ tó wá láti San Francisco lè bọ́ sí Pasadena. Ìyẹn kò yí nǹkan kan padà fún yín.

Ìwé yín gan-an, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni lọ́yà ti ń fi í wọlé, kì í gbé e lọ sí Seventh Street. Owó ìwọlé jẹ́ 600 dọ́là. Ẹni tí kò bá ní lè kọ̀wé pé òun ò ní, kí ó sì fi ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún un tì í. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ yìí kúrú, kò ju ojú ìwé mélòó kan lọ: orúkọ yín, nọ́ńbà A yín (èyí tí ìjọba fi ń dá fáìlì ìmígíréṣọ̀n yín mọ̀), ìpinnu tí ẹ ń pè lẹ́jọ́ àti ẹ̀dà rẹ̀, kóòtù tó gbọ́ ọ. Àlàyé gígùn ń bọ̀ lẹ́yìn, lẹ́yìn tí ìjọba bá ti fi fáìlì ránṣẹ́. Nítorí náà, lọ́yà tó bá sọ pé ọjọ́ 19 kò tó òun láti múra, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ múra. Lẹ́yìn èyí, ó lè gba ju ọdún kan lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ ìmígíréṣọ̀n, orí ìwé ni wọ́n ti ń parí rẹ̀, wọn kì í pe lọ́yà rárá. Bí wọ́n bá pè é, ìṣẹ́jú 10 sí 20 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ní, àwọn adájọ́ ló sì ń fi ìbéèrè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ lè wò ó láti Houston, nítorí kóòtù náà máa ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí YouTube bó ṣe ń lọ. Àbúrò yín lè wọlé lọ jókòó bó bá wù ú, ará ìlú láǹfààní.

Ohun tó yẹ kó gbà yín lọ́kàn ju yàrá ìgbẹ́jọ́ lọ ni pé fífi ìwé wọlé kò ní kí ìjọba má lé yín. Ẹ ní láti kọ ìwé mìíràn, ìwé ẹ̀bẹ̀ ìdádúró. Ó ti pẹ́ tí Ninth Circuit ti ní ìlànà tirẹ̀ pé bí ìwé ẹ̀bẹ̀ yìí bá ti wọlé, ìlénílùú dúró ná títí kóòtù á fi yẹ ẹ̀bẹ̀ náà wò. Ìlànà inú ilé ni ìyẹn, wọ́n lè yí i nígbàkígbà, àríyànjiyàn sì wà lórí rẹ̀. Lọ́yà yín gbọ́dọ̀ wò ó lọ́jọ́ tó bá ń fi ìwé wọlé, kì í ṣe kí ó gbára lé ohun tó mọ̀ léṣìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìdádúró tó tọ́jọ́, wọ́n ń wo bí ẹjọ́ yín ṣe lágbára tó àti ewu tó wà níbi tí wọ́n fẹ́ dá yín padà sí. Bí wọ́n bá lé yín síbẹ̀síbẹ̀, ẹjọ́ náà kò kú. Ẹ lè máa bá a lọ láti Nàìjíríà, àmọ́ ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ kò ní lè bá lọ́yà ní California sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní Houston, padàbọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́gun sì máa ń fa wàhálà fúnra rẹ̀.

Ìwé títún-ẹjọ́-ṣí tí ẹni yẹn gbà yín nímọ̀ràn kì í ṣe ohun burúkú bó bá wà ní àyè rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí tuntun tí kò sí nígbà ìgbẹ́jọ́, bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé láìpẹ́ yìí, tàbí lọ́yà yín ìgbà náà ṣe iṣẹ́ tí kò dáa, BIA ló ń gba irú rẹ̀, ọjọ́ 90 láti déètì ìpinnu ni gbèdéke rẹ̀. Ẹ lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ti Ninth Circuit ni kó ṣáájú, torí òun ni ọjọ́ rẹ̀ kúrú. Bí BIA bá sì tún kọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn náà nílò ìwé àtúnyẹ̀wò tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ 30 tirẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò bò ó.

Níwọ̀n bí ẹ ti kó kúrò ní Oakland, ẹ yí àdírẹ́sì padà lọ́dọ̀ BIA pẹ̀lú fọ́ọ̀mù EOIR-33, ẹ fi fọ́ọ̀mù AR-11 ránṣẹ́ sí USCIS, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìmígíréṣọ̀n, ẹ sì sọ fún akọ̀wé kóòtù nígbà tí ẹjọ́ bá ti wọlé. Yíyí ti ọ̀kan kì í yí ti èkejì. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ ka ìwé BIA dé òpin, bóyá wọ́n fún yín láǹfààní láti fúnra yín jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní voluntary departure. Bí ó bá wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé àtúnyẹ̀wò wọlé ni àǹfààní náà á parẹ́, àṣẹ ìlénílùú á sì rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan wà tí àǹfààní yẹn wúlò fún ju ẹjọ́ lọ, pàápàá ẹni tí ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìwé fún un láti òkè òkun. Ẹ bi lọ́yà nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ọjọ́ 19 yẹn tó di mẹ́ta.